Ṣé ìpínlẹ̀ kan lè dá ṣòfin lórí ojú ọjọ́ ní Amẹ́ríkà?

Bẹ́ẹ̀ ni. Kalifóníà ti ṣe é. Lọ́dún 2006, Arnold Schwarzenegger (òṣèré sinimá yẹn gan-an, òun ni gómìnà nígbà náà) fọwọ́ sí òfin AB 32: nígbà tó bá fi máa di 2020, èéfín tó ń mú ayé gbóná gbọ́dọ̀ ti wálẹ̀ sí iye tó jẹ́ lọ́dún 1990. Ọdún 2016 ni wọ́n ti bá a. Òfin SB 100 ti 2018 wá le jù ú lọ: tó bá di 2045, gbogbo iná mànàmáná tí wọ́n ń tà fáwọn oníbàárà gbọ́dọ̀ mọ́ tónítóní, ìyẹn ni pé pípèsè rẹ̀ kò ní tú èéfín yẹn jáde. Ìrọ̀lẹ́ ló kù tó ń yọ wọ́n lẹ́nu: oòrùn tí wọ́n fi ń pèsè iná lọ́sàn-án wọ̀, èèyàn dé láti ibiṣẹ́, wọ́n tan éà-kọndíṣọ̀n. Bátìrì ńláńlá ni wọ́n fi ń tọ́jú iná ọ̀sán dè é.