Fún ẹni tí gìtá básì rẹ̀ ń sáré ju ìlù lọ

Àbúrò mi, o ní gìtá básì rẹ máa ń sáré ju ìlù lọ ní ṣọ́ọ̀ṣì, o wá ń béèrè bóyá kó o ra metronome, ẹ̀rọ tó máa ń dún kọ́, kọ́, kọ́ ní dọ́gba-dọ́gba kéèyàn lè bá a rìn. Ọ̀rọ̀ rẹ wọ̀ mí lára gan-an, torí mo ti jẹ ìyà yẹn rí.

Ibi ìnáwó kan ní Láfẹ́nwá, l'Ábẹ́òkúta ni, lọ́dún 2009. Orin kejì la wà. Òógùn ti bo ojú mi, mò ń kà á sínú, "ení, èjì, ẹ̀ta, ẹ̀rin," bí olùkọ́ mi ṣe ní kí n máa kà á. Bí mo ṣe ń kà á tó náà ni àwọn tó ń jó ń dúró. Ìyá kan tó ti ń bọ̀ wá náwó fún wa ká owó ẹ̀ padà sínú pọ́ọ̀sì. Olórí bándì ò sọ nǹkan kan. Ó bọ́ gìtá kúrò lọ́rùn mi lójú gbogbo èrò, ó gbé e fún ọmọ tó ń bá wa ru spíkà. Ẹ̀yìn jẹnẹrétọ̀ ni mo jókòó sí títí ilẹ̀ fi ṣú. Ìyá mi wà níbẹ̀ lọ́jọ́ yẹn o.

Oṣù mẹ́jọ ni olùkọ́ yẹn fi gbowó lọ́wọ́ mi. Ìwé-ẹ̀rí kún ara ògiri ẹ̀, rúlà ló fi ń gbá tábìlì, kò fìgbà kan sọ pé kí n dìde dúró kí n tẹsẹ̀. Ó ní kò sí nínú ẹ̀jẹ̀ mi. Ẹni tó bá sọ irú ẹ̀ fún ọ, má padà síbẹ̀ mọ́.

Bàbá onílù kan ní Ìtòkú ló tún mi ṣe. Oṣù mẹ́ta, agogo nìkan! Kónkóló, ìlù tí agogo máa ń lù ní àlùtúnlù yẹn, tó o bá tú u palẹ̀, ìṣísẹ̀ kéékèèké 12 ló wà nínú ìyípo kan. Agogo kì í lu gbogbo ẹ̀, kì í sì í lù wọ́n ní dọ́gba-dọ́gba. Ẹsẹ̀ ẹni tó ń jó ló ń pín in sọ́nà mẹ́rin, mẹ́ta-mẹ́ta. Bàbá ní kí n máa lù ú, kí n máa fẹnu pè é, kí n sì máa rìn. Lọ́sẹ̀ kẹfà, ó kí mi lójú ọ̀nà, mo dá a lóhùn, agogo ò dúró lọ́wọ́ mi. Ó ní, "Ó ti wọ̀ ẹ́."

Ìyókù ò le: pàtẹ́wọ́, tẹsẹ̀, kó o tó fọwọ́ kan básì. Gbọ́ àpàlà Àyìnlá Ọmọwúrà, ọmọ ìlú wa, ṣùgbọ́n fi ohùn ẹ̀ sílẹ̀, ìlù abẹ́ tí kì í yí padà ni kó o máa tẹ̀ lé. Gúdúgúdú ni básì rẹ, kì í ṣe ìyáàlù. Ìyáàlù ló lè máa sọ̀rọ̀ kiri.

Má sì dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ spíkà o, etí mi kan ṣì ń hó títí dòní.

Metronome wà lọ́fẹ̀ẹ́ lórí fóònù. Jẹ́ kó máa dún lẹ́ẹ̀kan nínú mẹ́rin, kí ẹsẹ̀ rẹ máa fi mẹ́ta tó kù kún un.