Akàn odò láìsè fún ọmọ tó ní ásímà

Ìbéèrè: Dókítà, ẹ kú iṣẹ́. Ọmọ mi ọkùnrin, ọmọ ọdún 9, ní ásímà. Ẹni tó ń ta àgbo fún wa ní kí n gún akàn odò láìsè, kí n fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí i, kí ọmọ máa mu ún. Ó ní èémí kì í há àbùùbùtán nínú omi, bẹ́ẹ̀ náà sì ni akàn, torí ìdílé kan náà ni wọ́n. Akàn mélòó ni kí n lò lójúmọ́? Ìyá ọmọ, Ọ̀fà.

Ìdáhùn: Màmá, ẹyọ kan péré, ẹ má lò ó. Tó bá ti mu nínú rẹ̀, ẹ gbé e lọ sí ọsibítù, kí ẹ sì sọ ohun tó mu fún wọn.

Ọ̀rọ̀ àbùùbùtán yìí ti ń dé etí mi jù, láti Ìlọrin dé Òmù-Àrán, ó sì ń bí mi nínú. Àbùùbùtán kì í mí nínú omi! Ẹran afọ́mọlọ́mú ni bíi màlúù: ó ń lóyún, ó ń bímọ, ẹ̀dọ̀fóró ló sì fi ń mí. Ihò wà látàrí rẹ̀ tó fi ń fa afẹ́fẹ́ lójú òkun kó tó rì wọlẹ̀. Irú kan nínú wọn lè pẹ́ ju wákàtí kan lọ nísàlẹ̀, nítorí ẹ̀jẹ̀ àti ẹran ara rẹ̀ ń kó ọ́síjìn pamọ́. Tí kò bá rí ọ̀nà padà sókè, yóò kú.

Akàn tí ẹ rí létí odò Oyún kò tilẹ̀ ní ẹ̀dọ̀fóró. Ohun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó wà lábẹ́ èèpo rẹ̀, irú èyí tí ẹja ní lábẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́, ló fi ń yọ ọ́síjìn nínú omi. Edé ni ìbátan rẹ̀. Nítorí náà, ọmọ tí edé bá ń yún lára, akàn tó jinná pàápàá lè gbé ásímà rẹ̀ dìde. Ká tilẹ̀ ní èémí akàn lágbára, a kì í jẹ ẹran kí èémí rẹ̀ wọ àyà ẹni.

Èyí tó bà mí lẹ́rù jù ni aràn kan tí à ń pè ní Paragonimus. Ara ìgbín odò ló ti ń bọ́ sára akàn. Ẹni tó bá jẹ akàn náà láìsè, aràn yóò gba inú ìfun já sí àyà, yóò sì máa gbé inú ẹ̀dọ̀fóró. Ikọ́ ẹlẹ́jẹ̀ ló ń fà, wọ́n sì máa ń ṣì í pè ní ikọ́ ife. Lẹ́yìn ogun abẹ́lé 1967 sí 1970, ó pọ̀ ní ìlà oòrùn Nàìjíríà, nítorí ebi mú kí ọ̀pọ̀ èèyàn máa jẹ akàn. Ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé omi ọsàn, kò lè pa á. Iná ni kí ẹ fi sè é jinná, kí ẹ sì fi omi gbígbóná fọ odó àti ọ̀bẹ tó kàn án. Òògùn rẹ̀ wà, àmọ́ ẹ má lọ dá a rà ní kẹ́mísì.

N kò tíì fojú rí ọmọ yín, n kò sì lè yan òògùn fún un láti ibi tí mo wà. Àmọ́ tí kò bá lè sọ̀rọ̀ tán lẹ́ẹ̀kan, tí ìhà rẹ̀ ń wọlé bó ṣe ń mí, ẹ má dúró di àárọ̀, ọsibítù ni. Lọ́jọ́ tí ara rẹ̀ bá yá, ẹ mú un lọ pẹ̀lú ínhélà rẹ̀, kí wọ́n wo bó ṣe ń lò ó. Ọ̀pọ̀ ọmọ ló ń fọ́n ọn sí ahọ́n lásán.