Èsì: Ṣé dókítà kan náà lè máa ṣe cataract àti glaucoma?

Àbúrò, ìwọ tó fẹ́ di dókítà ojú, o béèrè bóyá dókítà kan lè mú àìsàn ojú méjèèjì yìí pọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni, ọ̀pọ̀ ló sì ń ṣe é, torí àgbàlagbà tó ní glaucoma sábà máa ń ní cataract pẹ̀lú.

Àmọ́ ìtọ́jú wọn ò jọra. Ní ti cataract, lẹ́ǹsì inú ojú ló ṣú. Wàá yọ ọ́, wàá fi àtọwọ́dá rọ́pò rẹ̀, láìpẹ́ aláìsàn á máa ṣàdúrà fún ẹ. Dókítà ojú kan, Harold Ridley, ló kọ́kọ́ fi lẹ́ǹsì àtọwọ́dá sójú aláìsàn ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1949, àwọn àgbà ẹnu iṣẹ́ sì ta kò ó fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Glaucoma ló máa dán sùúrù ẹ wò. Iṣan tó ń gbé ìríran lọ sọ́pọlọ ló ń bà jẹ́, èyí tó bá sì ti lọ, ó lọ nìyẹn. Iṣẹ́ abẹ bíi trabeculectomy kàn ń ṣí ọ̀nà fún omi inú ojú kí ìfúnpá lè wálẹ̀ ni. Ojú aláìsàn lè má mọ́lẹ̀ sí i rárá. Ó tiẹ̀ lè ṣe bàìbàì ju ti tẹ́lẹ̀ lọ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, kó wá máa bínú sí ẹ. (Wàá gbọ́ ọ̀rọ̀!) Ẹlòmíì á wà lọ́wọ́ ẹ títí ayé.

Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ dókítà ojú ti kó cataract mọ́ra. Glaucoma ló sábà máa ń gba ọdún kan tàbí méjì sí i. Bí àlàyé àṣetúnṣe nípa oògùn glaucoma tí wọ́n ń kán sójú bá ń sú ẹ, cataract ni kó o dojú kọ.