Ẹ má pe opó jáde síwájú ìjọ

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ obìnrin nínú ìjọ wa ní Òde Rẹ́mọ. Ẹgbẹ́ fẹ́ ṣe ìpàdé ọlọ́jọ́ kan lórí inú rere, èmi ni wọ́n sì gbé ètò rẹ̀ lé lọ́wọ́. A tó ọgọ́ta. Owó àpò ẹgbẹ́ kò pọ̀. Ohun tí a ti rò ni pé ká ra ankara tuntun, ká pe oníwàásù láti Ṣàgámù, ká tẹ orúkọ ẹgbẹ́ sára ike tí a máa pín, ká wá pe opó mẹ́wàá jáde láti fún wọn ní ìrẹsì. Báwo la ṣe máa tò ó kó lè dùn, kó má sì kó wa sí gbèsè?

Ìdáhùn: Akọ̀wé wa, ẹ kú làálàá. Ó ti lé ní ogún ọdún tí mo ti ń dáná òde, tí mo sì ń ṣètò ayẹyẹ káàkiri Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ. Nídìí ayẹyẹ ni mo ti ń jẹun, torí náà àpò ara mi ni mò ń lù jò pẹ̀lú ohun tí mo fẹ́ sọ yìí: nǹkan mẹ́rin tí ẹ kà sílẹ̀ yẹn, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ fagi lé. Ti àwọn opó yẹn ni ká kọ́kọ́ mú.

Ìjọ kan tí n kò ní dárúkọ gbé oúnjẹ fún mi sè lọ́dún kan. Ọ̀rọ̀ ìfẹ́ ni wọ́n ń sọ lọ́jọ́ ọ̀hún. Wọ́n fi ẹ̀rọ gbohùngbohùn pe àwọn opó lórúkọ, wọ́n tò wọ́n bí ọmọ ilé-ìwé, ayàwòrán sì ní kí wọ́n gbé ìrẹsì sókè díẹ̀ sí i kí orúkọ ẹgbẹ́ lè hàn. Èmi wà lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú abọ́ mọ́ínmọ́ín. Obìnrin kan, kò tíì pé àádọ́ta ọdún, ń fa ìborùn rẹ̀ wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí ó fi bo ojú. Nígbà tí èrò lọ tán tí à ń to àga jọ, ìrẹsì rẹ̀ ṣì wà lábẹ́ àga tó jókòó sí. Mo gbọ́ lẹ́yìn ìgbà náà pé fọ́tò yẹn dé orí WhatsApp, ó sì dé ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ kíláàsì ọmọ rẹ̀. Láti ọjọ́ náà, bí wọ́n bá ní kí n wá dáná fún irú ètò bẹ́ẹ̀, mo máa ń kọ́kọ́ béèrè bóyá wọ́n máa pe ẹnì kan jáde.

Ẹ rántí Dọ́kásì ní Jọ́pà, nínú Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì orí 9. Àwọn opó yí Pétérù ká, wọ́n ń sunkún, wọ́n ń fi ẹ̀wù tí obìnrin náà rán hàn án. Ẹ wò ó dáadáa: Dọ́kásì ti kú nígbà yẹn. Àwọn tó gba oore ló fẹnu ara wọn sọ ọ́, nígbà tó wù wọ́n.

Bí ẹ ó ṣe ṣe tiyín nìyí. Ní bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣáájú, ẹ yan èèyàn méjì péré tí ẹnu wọn kì í jò, kí wọ́n rọra wádìí. Ẹ má béèrè lọ́wọ́ pásítọ̀ nìkan. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ń ta ata ládùúgbò. Òun ló mọ ẹni tó ń ra abọ́ tòmátò tẹ́lẹ̀ tó wá di ẹni tó ń ṣa ẹyọ méjì. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ń kọ́ àwọn ọmọdé ní ṣọ́ọ̀ṣì. Òun ló mọ ọmọ tí kì í jẹun kó tó wá. Ẹ má sì rò pé opó nìkan ni nǹkan ń le fún. Àwọn kan wà tí ọkọ wọn wà nílé, tí ìyà tó ń jẹ wọ́n ju ti opó lọ, orúkọ wọn ò sì ní sí nínú ìwé ẹnikẹ́ni. Ó ṣeé ṣe kí méjì mẹ́ta nínú wọn jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ yín, àwọn náà lẹ sì fẹ́ bu owó ankara lé yìí. Aṣọ ẹgbẹ́ tó wà nílẹ̀ ti tó.

Ohun tí ẹ bá ní fún wọn, ìrẹsì kóńgò méjì, gàrí, epo ìgò kan, ọṣẹ, ẹ kó o sínú ọ̀rá dúdú tí gbogbo ayé fi ń ti ọjà bọ̀. Ẹ má tẹ nǹkan kan sí i lára. Kí ẹni tó máa ń wọ ilé náà tẹ́lẹ̀ gbé e lọ nírọ̀lẹ́, kó jókòó, kó sọ̀rọ̀ ìlú díẹ̀ kó tó dìde. Bó bá jẹ́ owó ilé-ìwé tàbí owó oògùn ló ń dùn wọ́n, owó inú àpòòwé sàn ju ìrẹsì lọ. Tó bá ti parí, ẹ fa ìwé orúkọ yẹn ya.

Ẹ ó wá ní kí la máa ṣe lọ́jọ́ ìpàdé fúnra rẹ̀. Ìkọ́kọrẹ́ ni kẹ́ ẹ sè, ẹ̀yin fúnra yín. N kò ṣeré o. Iṣẹ́ ọwọ́ máa ń jẹ́ kí obìnrin sọ ohun tí kò lè sọ lórí àga ṣọ́ọ̀ṣì. Fún ọgọ́ta èèyàn àti abọ́ mẹ́wàá tí ẹ máa gbé lọ fún àwọn ìyá àgbà, ewùrà ńlá mẹ́wàá sí méjìlá á tó. Ẹ pín ara yín ní márùn-ún márùn-ún sídìí abọ́, kí ẹ má sì jẹ́ kí àwọn ọ̀rẹ́ jókòó pọ̀. Ewùrà máa ń yún ọwọ́ tí a bá ń rin ín, torí náà ẹ fi epo pupa pa ọwọ́ kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Mo ti rí obìnrin méjì tí ọ̀rọ̀ èsúsú ti da àárín wọn rú, tí wọn ò kí ara wọn mọ́, tí wọ́n bá ara wọn nídìí abọ́ kan náà. Ọwọ́ ń yún àwọn méjèèjì. Ọ̀kan ní, “Epo ọ̀hún dà?” Èkejì tì í sí i, kò wojú rẹ̀. Nígbà tí ewùrà kẹta máa fi tán, ọ̀rọ̀ ọmọ ni wọ́n ń sọ.

Kí ẹnì kan tó mọwọ́ rẹ̀ dúró ti ìkòkò. Tí ata, epo, ẹja yíyan àti edé bá ti hó, kó máa já ewùrà sí i ní kékeré kékeré, kó dé e, kó má fi síbí kàn án títí á fi le. Ẹni tó bá yára rò ó, àsáró ló máa bù fún yín.

Tó bá jinná, ẹ pín sí mẹ́fà mẹ́fà, kí ìsọ̀rí kọ̀ọ̀kan gbé abọ́ kan lọ sọ́dọ̀ ìyá àgbà tí ẹsẹ̀ kò jẹ́ kó wá sí ṣọ́ọ̀ṣì mọ́. Àdúrà nìkan kọ́ o. Ẹ pọn omi, ẹ gbálẹ̀, ẹ bá a pe ọmọ rẹ̀ tó wà l'Ékòó. Ìyá kan tí a lọ kí ní Ìkẹ́nnẹ́, a bi í pé kí la lè bá a ṣe. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní ká bá òun di irun: “Ọwọ́ mi ò dé ẹ̀yìn orí mọ́.” Ọ̀kan nínú wa jókòó lẹ́yìn rẹ̀ lójú ẹsẹ̀, ó di ṣùkú fún un. Ìyá náà béèrè fún dígí lẹ́ẹ̀mẹta.

Tí ẹ bá padà dé, ẹ jẹun. Kí ìyá ìjọ ka ìtàn Dọ́kásì, kó sọ̀rọ̀ ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Owó mọ́tò oníwàásù láti Ṣàgámù, ẹ fi ra edé. Lẹ́yìn náà, ẹni tó bá wù kó dárúkọ ẹni tó ṣe é lóore rí tí kò tíì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kó sì pe onítọ̀hún lórí fóònù níbẹ̀. Ẹ má fagbára mú ẹnikẹ́ni.

Ọjọ́ Sátidé ló dáa, láago méje ààbọ̀ àárọ̀, kí ẹni tó ní òde lọ́sàn-án lè ráyè lọ. Ẹ yẹra fún oṣù ìkórè ìjọ yín àti Oṣù Kẹsàn-án tí owó ilé-ìwé máa ń gbẹ àpò. Kẹ́ ẹ tó kéde ọjọ́, ẹ rán ẹnì kan lọ bi àwọn àgbà ìlú bóyá Orò máa jáde. Mo mọ ẹgbẹ́ kan tó ra ẹja àti edé tán kí wọ́n tó gbọ́ pé obìnrin ò gbọdọ̀ yọjú síta lọ́jọ́ náà.

Ẹ má lọ háyà ìkòkò. Mo ní ńlá méjì nílé ní Ìjẹ̀bú-Òde, ẹ ránṣẹ́ wá gbé e. Ẹ sáà bá mi ha ìdí rẹ̀ dáadáa kẹ́ ẹ tó dá a padà.