Ṣé òṣùwọ̀n lè ran kọ̀ǹpútà lọ́wọ́ níbi tí ọgbọ́n rẹ̀ pin sí?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, sà. Ọdún tó kẹ́yìn ni mo wà nínú ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà níbí n'Íbàdàn. Ọ̀rẹ́ mi kan ní tí ènìyàn bá so ìdánwò inú láàbù mọ́ ẹ̀rọ Turing, ìyẹn kọ̀ǹpútà orí ìwé tí Alan Turing ro, á ṣe ohun tí kọ̀ǹpútà kankan kò lè dá ṣe. Mo fẹ́ fi ṣe pùrójẹ́ẹ̀tì mi. Ṣé òótọ́ ni, àbí mo kàn fẹ́ fi owó ṣòfò?

Ìdáhùn: Òótọ́ ni, lórí ìwé. Pùrójẹ́ẹ̀tì gidi wà nínú rẹ̀, àmọ́ kì í ṣe èyí tí ọ̀rẹ́ rẹ ń wí.

Ní 1936, Alan Turing, onímọ̀ ìṣirò ará Bìrìtéènì, fi hàn pé kò sí ẹ̀rọ tó lè wo púrógíráàmù èyíkéyìí kó sọ, láìṣàṣìṣe, bóyá yóò parí tàbí yóò máa yí po títí láé. Ní 1939 ó wá ro ẹ̀rọ mìíràn, èyí tó ní ẹni tó ń bi léèrè. Tí iṣẹ́ bá le, ẹ̀rọ á dúró, á béèrè, wọ́n á fún un ní bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́, á sì máa bá iṣẹ́ lọ. Ẹni tó bá ti rí babaláwo tó ń fi ìbò wádìí ọ̀rọ̀, owó ẹyọ lọ́wọ́ kan, egungun lọ́wọ́ kejì, á tètè yé e. Turing kò sọ ohun tí ẹni náà jẹ́, àfi pé kò lè jẹ́ ẹ̀rọ.

Àwọn onímọ̀ mẹ́ta, Edwin Beggs àti John Tucker ní Swansea nílẹ̀ Wales, pẹ̀lú José Félix Costa ní Lisbon nílẹ̀ Portugal, fi ìdánwò físíìsì sí ipò ẹni náà. Mú òṣùwọ̀n alápá méjì. Ẹrù tí a kò mọ ìwọ̀n rẹ̀ wà lápá kan. Kọ̀ǹpútà ló ń yan ohun tí a ó gbé sí apá kejì. Èwo ló wúwo jù? Ìdáhùn kọ̀ọ̀kan ń gé ibi tí ìwọ̀n náà lè wà sí méjì. Ní ìbéèrè 10, o ti mọ̀ ọ́n dé ìdá kan nínú 1,024. Ní 20, ìdá kan nínú 1,048,576. Tí ìwọ̀n ẹrù yẹn bá jẹ́ nọ́ńbà tí díjíìtì rẹ̀ kò lópin, tí ìdáhùn sí ìbéèrè Turing sì fara pamọ́ sínú wọn, kọ̀ǹpútà á máa kà á jáde díẹ̀díẹ̀. Ibẹ̀ ni agbára àrà ọ̀tọ̀ náà ti wá.

Àkókò lo ó fi san án. Bí ìwọ̀n apá méjèèjì ṣe ń súnmọ́ra, bẹ́ẹ̀ ni òṣùwọ̀n ń lọ́ra láti tẹ̀. Tí ìyàtọ̀ bá dín kù sí ìdá kan nínú mẹ́rin, àkókò á di ìlọ́po méjì. Ká ní ìyàtọ̀ àkọ́kọ́ gba ìṣẹ́jú-àáyá 1: tí o bá ti gé e sí méjì nígbà 40, wíwọ̀n ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo á gbà ọ́ ní ọjọ́ 12 ó lé díẹ̀. Ìdí nìyẹn tí àwọn onímọ̀ yìí fi fún ẹ̀rọ náà ní aago, kó lè mọ ìgbà tó yẹ kó jáwọ́. Lójú tèmi, aago yẹn ló dùn jù nínú gbogbo iṣẹ́ wọn.

Àtọ́ọ̀mù náà ò gbà fún ọ̀rẹ́ rẹ. Wọn omi inú ọ̀rá tó jẹ́ 500 gíráàmù: lẹ́yìn nǹkan bí ìbéèrè 84, ohun tó kù láti wọ̀n kò tó mólékù omi kan. Díjíìtì tí kò lópin kò sí níbẹ̀.

Nítorí náà, má ṣèlérí fún olùkọ́ rẹ pé o máa borí Turing. Wọn àkókò. Mo ti ṣe é pẹ̀lú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi: okùn tẹ́ẹ́rẹ́ kan lórí kẹ̀kẹ́ kékeré bíi ti orí kànga, ife rọ́bà kan lẹ́nu okùn kọ̀ọ̀kan, ẹ̀wà nínú méjèèjì. Nígbà tí ife kan fi hóró 16 ju èkejì lọ, ó já wálẹ̀ wàrà. Nígbà tó ku hóró 4, ó ń rá bọ̀. Nígbà tó ku hóró 1, ó dúró sójú kan. Kẹ̀kẹ́ náà ti di okùn mú. Ọmọkùnrin kan fi ìka kan okùn jẹ́jẹ́, ife sì sọ̀ kalẹ̀ sí apá tí kò wúwo! Ìdánwò wa ti fún wa lésì tí kì í ṣe òótọ́, ọ̀rọ̀ àṣìṣe yẹn nìkan sì tó orí kan nínú ìwé rẹ.

Fi fóònù ya fídíò rẹ̀, ka àkókò níbẹ̀, ṣe ìyàtọ̀ kọ̀ọ̀kan nígbà 10, kí o sì yà á sórí gíráàfù. Pa fáànù kí o tó bẹ̀rẹ̀, bó ti wù kí ooru mú tó. Afẹ́fẹ́ rẹ̀ lágbára ju hóró ẹ̀wà kan lọ.