Èsì: Ilé ìkẹ́rù ní Havana, ta ló ni ín tẹ́lẹ̀?

Ẹ kú iṣẹ́ o. Lórí ilé ìkẹ́rù tí ìjọba Kúbà ní kí ẹ wá bá àwọn dá pọ̀ lò yẹn, ẹ má tíì tọwọ́ bọ̀wé. Ẹ kọ́kọ́ wádìí ẹni tó ni ín kí ìjọba Fidel Castro tó gbẹ́sẹ̀ lé e.

Tó bá jẹ́ ti ará Amẹ́ríkà, òfin Helms-Burton ti 1996, ìyẹn òfin Amẹ́ríkà lórí dúkìá tí ìjọba Kúbà gbẹ́sẹ̀ lé, kàn yín, bí Èkó tilẹ̀ lẹ ń gbé. Láti oṣù Karùn-ún 2019 ni onídùúkìá ti lè pe ẹni tó ń lò ó lẹ́jọ́ ní Amẹ́ríkà, tí ohun tí wọ́n ń jà lé bá ju $50,000 lọ. Wọ́n tún lè fi físà du ẹ̀yin, ìyàwó yín àtàwọn ọmọ yín kéékèèké.

Ẹ wo àkọsílẹ̀ Foreign Claims Settlement Commission, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń fọwọ́ sí ẹ̀tọ́ àwọn tí wọ́n gba dúkìá wọn. Ṣùgbọ́n tẹ́ ò bá rí i níbẹ̀, ẹ má fọkàn balẹ̀: àwọn ọmọ Kúbà tó sá lọ, tí wọ́n di ọmọ Amẹ́ríkà, lè pẹjọ́ láìsí nínú rẹ̀.

Ní ti owó òṣìṣẹ́ tó ń kọ yín lóminú, ó yẹ kó kọ yín lóminú lóòótọ́. Bí Òfin 118 ti 2014, òfin Kúbà lórí ìdókòwò àwọn àjèjì, ṣe là á nígbà tó jáde, àjọ ìjọba ló ń gbani síṣẹ́ fún yín: ẹ̀yin á sanwó fún àjọ, àjọ á san pésò fún òṣìṣẹ́. Ẹ béèrè iye tó máa dé ọwọ́ ẹni tó ń ru àpò gan-an. Òfin náà gba ilé-iṣẹ́ alájọni láàyè láti ya owó sọ́tọ̀ fún òṣìṣẹ́ lára èrè. Ìgbà ìdúnàádúrà ni kẹ́ ẹ ti fi owó náà sínú àdéhùn.