Ráútà méjì nínú ilé kan: ẹ wo àdírẹ́sì kí ẹ tó ra booster

Ẹ̀gbọ́n, mo ka ìbéèrè yín dáadáa. Ilé yín wà ní Òkè-Fìà ní Òṣogbo, ráútà 4G wà ní pálọ̀, èkejì wà ní yàrá ẹ̀yìn, wáyà ló so wọ́n pọ̀. Fóònù ń fi Wi-Fi hàn ní kíkún ṣùgbọ́n kò wọ íntánẹ́ẹ̀tì. Kọ̀ǹpútà àwọn ọmọ ń sọ pé ẹ̀rọ mìíràn ti ń lo àdírẹ́sì òun. Printer a sì máa pòórá nígbàkúùgbà tí iná bá lọ tó sì padà dé. Ẹni tó ń tajà fún yín ní Ọláìyá wá ní kí ẹ ra booster, ẹ̀rọ tó ń mú Wi-Fi dé ibi tó jìnnà.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì ná kọ́bọ̀. Ìjà àdírẹ́sì ni ohun mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí ẹ kà sílẹ̀ yìí jọ, kì í ṣe àìlágbára Wi-Fi. Bí booster bá tún lọ ní ìpín àdírẹ́sì tirẹ̀, ìjà á di ti ẹni mẹ́ta.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ rèé. Gbogbo ẹ̀rọ tó bá wọ Wi-Fi gbọ́dọ̀ gba nọ́ńbà kan, òun ni IP address. Ráútà ló ń pín in, DHCP sì ni orúkọ iṣẹ́ ìpín yẹn. Láti ilé iṣẹ́ ni wọ́n ti máa ń tan DHCP sílẹ̀ lórí ráútà. Nígbà tí ẹ so ti yàrá ẹ̀yìn mọ́ ti pálọ̀, ẹ ti ní apínnọ́ńbà méjì tí ọ̀kan kò mọ ohun tí èkejì ń ṣe. Ó dà bí ìgbà tí caretaker méjì ń gba ayálégbé sínú ilé kan ṣoṣo: yàrá kan náà ni wọ́n lè fún ẹni méjì. Èyí tó bá kọ́kọ́ dáhùn ni fóònù máa gbọ́ tirẹ̀, ìdí nìyẹn tí ó fi máa ń ṣiṣẹ́ láàárọ̀ tí yóò sì kọ̀ lálẹ́.

Ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò. Lórí fóònù, ẹ lọ sí Settings, Wi-Fi, ẹ tẹ orúkọ Wi-Fi tí ẹ wà lórí rẹ̀, kí ẹ wo IP address àti Gateway, ìyẹn àdírẹ́sì ráútà tí fóònù ń gbà jáde sí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ kọ wọ́n sílẹ̀. Ẹ pa Wi-Fi, ẹ tún un tàn, ẹ tún wò ó, ní pálọ̀ àti ní yàrá ẹ̀yìn. Bí Gateway bá ń yí padà, tó jẹ́ 192.168.8.1 nísinsìnyí tó sì di 192.168.0.1 láìpẹ́, ẹ ti mú olè náà. Lórí kọ̀ǹpútà Windows, ẹ ṣí Command Prompt, ẹ tẹ ipconfig /all, kí ẹ wo ìlà Default Gateway àti DHCP Server. Bí nọ́ńbà kọ̀ǹpútà bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 169.254, kò rí ẹni dá a lóhùn rárá, òun fúnra rẹ̀ ló fún ara rẹ̀ ní nọ́ńbà.

Àtúnṣe rẹ̀ ni pé ráútà kan ṣoṣo ni kó máa pín nọ́ńbà. Ti pálọ̀ ni ẹ jẹ́ kó máa ṣe é, nítorí ibẹ̀ ni SIM wà. Ẹ yọ wáyà tó so wọ́n pọ̀, kí ẹ fi wáyà so kọ̀ǹpútà mọ́ ihò LAN (ihò tí a ń so ẹ̀rọ inú ilé mọ́) ráútà ẹ̀yìn nìkan. Ẹ ṣí ojú ìwé rẹ̀ pẹ̀lú àdírẹ́sì tó wà lára sítíkà abẹ́ rẹ̀. Bí ẹ bá rí Access Point mode níbẹ̀ (èyí tó ń jẹ́ kí ráútà máa tan Wi-Fi nìkan láìpín nọ́ńbà), ẹ yàn án, ó ti tán. Bí kò bá sí, ẹ kọ́kọ́ yí LAN IP rẹ̀ padà sí 192.168.8.2, bí ti pálọ̀ bá jẹ́ 192.168.8.1. Ẹ fi pamọ́, ẹ jẹ́ kó tan padà, ẹ fi 192.168.8.2 wọlé, ìgbà yẹn ni kí ẹ tó pa DHCP.

Ẹ má ṣe yí ètò yìí po. Bí ẹ bá kọ́kọ́ pa DHCP, kọ̀ǹpútà yín kò ní rí nọ́ńbà gbà mọ́, ojú ìwé náà kò sì ní ṣí. Àfi kí ẹ fi ọwọ́ fún kọ̀ǹpútà ní nọ́ńbà bíi 192.168.0.50, mask (nọ́ńbà tó ń sọ bí ìpín àdírẹ́sì ilé ṣe tó) 255.255.255.0, kí ẹ tó lè padà wọlé. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló dá ráútà tó dára padà fún ọlọ́jà níbi yìí, pé ó ti bàjẹ́.

Lẹ́yìn náà, ẹ so wáyà padà, láti ihò LAN sí ihò LAN. Ẹ má fi sí ihò WAN, ihò tí íntánẹ́ẹ̀tì ń gbà wọlé, tí àwọ̀ rẹ̀ sábà máa ń yàtọ̀, àfi tí ẹ bá lo Access Point mode tí ìwé rẹ̀ sì ní kí ẹ lò ó. Bí wáyà bá wà ní ihò WAN, ráútà ẹ̀yìn á dá ìjọba tirẹ̀ sílẹ̀: fóònù ní yàrá lè wọ íntánẹ́ẹ̀tì, ṣùgbọ́n kò ní rí printer tó wà ní pálọ̀. Bí ráútà méjèèjì bá wá ń lo 192.168.0 kan náà, nǹkan kan kò ní kọjá, nítorí ráútà kò ní mọ apá ibi tí nọ́ńbà wà.

Ó kan ọ̀rọ̀ iná, ibẹ̀ gan-an ni tiwa ní Òṣogbo ti le jù. Ọ̀pọ̀ ráútà kékeré kò tọ́jú ìwé àkọsílẹ̀ ẹni tó ní nọ́ńbà wo. Bí iná bá lọ, ìwé náà parẹ́. Tí iná bá dé, ráútà ẹ̀yìn á ti tán ní títàn nígbà tí ti pálọ̀ ṣì ń wá mast, òun ló máa kọ́kọ́ dá gbogbo ilé lóhùn. Printer tí ẹnì kan ti fi ọwọ́ fún ní nọ́ńbà ń bẹ níbẹ̀ pẹ̀lú, ráútà kò mọ̀ ọ́n, á sì gbé nọ́ńbà rẹ̀ fún tẹlifíṣọ̀n. Nítorí náà, lórí ráútà pálọ̀, ẹ fi ìpín DHCP sí 192.168.8.100 títí dé 192.168.8.200, kí ẹ wá fún printer ní 192.168.8.20, mask 255.255.255.0, gateway 192.168.8.1. Ìta ìpín DHCP náà ló wà, kò sí ẹni tí yóò gbà á.

Bí owó bá wà, mini UPS, bátìrì kékeré tó ń gbé ráútà nígbà tí iná bá lọ, ni kí ẹ fi rà dípò booster. Ẹ ka ohun tó wà lára adapter ráútà kí ẹ tó rà: bí ó bá jẹ́ 12V 1.5A, UPS gbọ́dọ̀ jẹ́ 12V gan-an, kó sì lè gbé 1.5A tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ráútà 5V àti 9V wà, 12V á sun wọ́n.

Bí ẹ bá fẹ́ fi nọ́ńbà pamọ́ fún fóònù kan lórí ráútà, ẹ rántí pé láti Android 10 àti iOS 14 ni fóònù ti ń lo MAC (nọ́ńbà ìdánimọ̀ tí ráútà fi ń mọ ẹ̀rọ) àfidípò. Ẹ yí i sí MAC fóònù gan-an, lórí Wi-Fi ilé nìkan.

Channel, ìyẹn ojú ọ̀nà tí Wi-Fi ń gbà, ló kù. Lórí 2.4 GHz, ẹ fi ọ̀kan sí 1, èkejì sí 11, channel width (bí ọ̀nà náà ṣe fẹ̀ tó) 20 MHz. 3 tàbí 4 tí àwọn èèyàn ń sá sí kò dára, ó ń gun 1 àti 6 lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ má lo 12 tàbí 13, ọ̀pọ̀ fóònù tòkunbọ̀ láti Amẹ́ríkà kì í rí wọn. Ẹ gbé ráútà jìnnà sí microwave àti sí ẹ̀yìn firíìjì.

Lẹ́yìn gbogbo rẹ̀, ẹ pa ráútà méjèèjì. Ẹ tan ti pálọ̀, ẹ dúró títí iná network rẹ̀ á fi tàn, kí ẹ tó tan ti ẹ̀yìn. Ẹ jẹ́ kí fóònù gbàgbé Wi-Fi náà, kó tún wọlé lọ́tun, kí ẹ tún wo Gateway ní yàrá méjèèjì. Bí ó bá bára mu, ẹ lè fún ráútà méjèèjì ní orúkọ Wi-Fi àti password kan náà, fóònù á máa bọ́ sí èyí tó sún mọ́ ọn. Bí ó bá ṣì yàtọ̀, ẹ fi nọ́ńbà méjèèjì ránṣẹ́ síbí, kí ẹ sọ ihò tí wáyà wà ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan.